Èwo ni kí n rà nínú oúnjẹ ehoro mẹ́ta yìí? Nọ́ńbà ara àpò wọn ò bára mu rárá

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí orí mi ti dàrú. Àwọn ọmọ mi ní ehoro kan, abo ni, ó ti lé lọ́dún kan, kílò méjì ló wọ̀n, inú ilé ló ń gbé, a ò ní pa á jẹ o kí ẹnikẹ́ni má wá bèèrè ata lọ́wọ́ mi. Oúnjẹ mẹ́ta ló wà níwájú mi. Àkọ́kọ́ ni Oxbow, oúnjẹ òyìnbó ti àgbà ehoro tí mo rí ní Ìkòyí, owó ẹ̀ le débi pé mo ní kí ọmọ tó ń tajà tún un wò. Ohun tó wà lára ẹ̀: purotéènì 14%, ọ̀rá 2%, fáíbà 25% sí 29%. Èkejì ni pélẹ́ẹ̀tì ehoro (oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ di kóró) tí wọ́n ń ṣe níbí, purotéènì 16%, fáíbà 10%, ọ̀rá 4%, kálísíọ̀mù 1%. Ẹ̀kẹta ni gúrówà másì, oúnjẹ oníyẹ̀fun ti adìyẹ tó ń dàgbà, torí aládùúgbò mi ní òun ni gbogbo ayé ń fún ehoro l'Ékòó, purotéènì 15% fáíbà 7%. Lójú tèmi ti 16% yẹn ló yẹ kó borí, àbí? Òun ni purotéènì ẹ̀ pọ̀ jù, owó ẹ̀ ò sì gara. Òun náà ni mo ń fún un lọ́wọ́lọ́wọ́, àwo ẹ̀ kì í gbẹ. Ohun kan tó tún ń kọ mí lóminú ni pé ìgbẹ́ rírọ̀ kan báyìí, ó dúdú, ó ń yọ̀, máa ń lẹ̀ mọ́ irun ìdí ẹ̀, ó sì ń rùn. Ṣé oúnjẹ ló fà á ni àbí òtútù?

OníEhoro_Ìkòròdú:
Madam, ti 16% yẹn náà ni kẹ́ ẹ máa rà lọ, ẹ má dá àwọn ará Ìkòyí lóhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ehoro, pélẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni mò ń fún wọn tòun ti koríko, wọ́n ń bí, wọ́n ń sanra, wọ́n ń wọ̀n lórí sìkéèlì. Oúnjẹ òyìnbó tó wọkọ̀ òkun wá, kí ló fẹ́ ṣe tí tiwa ò lè ṣe?

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó:
Ehoro ń jẹ oúnjẹ tó ti Amẹ́ríkà wá, èmi ń jẹ gààrí tí ò ní ṣúgà. Ayé ò dọ́gba o jàre. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mo kàn ń kọjá ni.

DókítàẸran_Yábàá:
Ìyá Ìbejì, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé purotéènì tì ná, fáíbà ni kí ojú yín kọ́kọ́ máa wá lára àpò.

Ẹ̀yìn ìfun ni iṣẹ́ pọ̀ sí lára ehoro. Àpò ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ti ń bá a po ohun tó jẹ. Èyí tó gùn tó le nínú fáíbà kì í wọbẹ̀, òun ló ń ti ìfun síwájú kó má bàa dúró, ó sì máa ń jáde bíi kóró gbígbẹ róbótó tẹ́ ẹ máa ń gbá nílẹ̀. Èyí tó kúnná ló ń padà sínú àpò yẹn, tó bá jinná tán ó máa jáde ní ìgbẹ́ rírọ̀, lóru tàbí ìdájí, ehoro á sì fẹnu gbà á níbi ìdí ara ẹ̀ kó gbé e mì. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyẹn, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, ibẹ̀ ló ti ń rí fítámì B àti purotéènì tó jọjú. Ohun tó yẹ kó gbé mì yẹn lẹ̀ ń rí nídìí ẹ̀. Bí pélẹ́ẹ̀tì bá ti pọ̀ jù, tí sítáàṣì àti purotéènì ti yó o, kò ní yà síbẹ̀ mọ́. Nǹkan míì náà lè fà á o, bíi kó sanra débi tẹ́nu ẹ̀ ò fi lè dé ìdí mọ́, tàbí kí eyín tàbí ẹ̀yìn máa dùn ún, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àwo tí kì í gbẹ, oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ìdí ẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ nù ún gbẹ dáadáa, torí eṣinṣin máa ń yé síbẹ̀, ìdin á sì máa jẹ ẹran ara ẹ̀ lóòyẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ìdin ẹ gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la.

Nọ́ńbà tí mò ń wá fún àgbà ehoro inú ilé tí kò lóyún tí kò sì fún ọmọ lọ́mú: fáíbà 20% sókè, kó má ṣáà wálẹ̀ ju 18% lọ, purotéènì láàárín 12% sí 15%, ọ̀rá bíi 3%, kálísíọ̀mù láti ìdajì 1% sí 1%. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó bá a mu náà, gíráàmù 25 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ló tó lóòjọ́, ìyẹn 50 fún tiyín, ẹ wọ̀n ọ́n lórí sìkéèlì. Ìyókù koríko ni, bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ohun tó ń jẹ.

OníEhoro_Ìkòròdú:
Dókítà mi ò bá yín jiyàn lórí ìfun, ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀. Àmọ́ 16% àti 10% yìí, àwa kọ́ la dá a sílẹ̀ o, inú ìwé àwọn òyìnbó kan náà la ti rí i. Ṣé ìwé tiwa wá jẹ́ irọ́ ni?

DókítàẸran_Yábàá:
Kì í ṣe irọ́ ẹ̀gbọ́n. Ìwé tí NRC, ìgbìmọ̀ ìwádìí ti Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1977 ni púpọ̀ nínú nọ́ńbà yẹn ti wá. Ẹ tún un ṣí, ẹ ó rí i pé fún ehoro tó ń dàgbà ni wọ́n kọ purotéènì 16% àti fáíbà 10% sí 12%. Àgbà ehoro tó kàn jókòó, nínú ìwé kan náà, purotéènì 12% fáíbà 14% ni. Wọ́n dìídì ya wọ́n sọ́tọ̀. Àti pé ehoro tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ti láàbù ló wà lọ́kàn wọn nígbà yẹn, wọn ò ro ti ehoro tó máa gbé nílé fún ọdún mẹ́jọ mẹ́wàá, ìdí nìyẹn táwa tó ń tọ́jú ti inú ilé fi ń béèrè fáíbà tó ga ju 14% yẹn lọ báyìí.

Ẹ̀yin fúnra yín, oṣù mélòó ni ehoro yín ń lò kó tó lọ sọ́jà?

OníEhoro_Ìkòròdú:
Mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ owó fíìdì á jẹ èrè tán.

DókítàẸran_Yábàá:
Ẹ ṣeun. Eyín ehoro ò dáwọ́ dúró láti hù títí tó fi máa kú, tiwájú yẹn máa ń ga tó bíi mílímítà méjì lọ́sẹ̀. Koríko tó ń lọ̀ lẹ́nu sọ́tùn-ún sósì ló ń lọ̀ ọ́ kúrú, pélẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ fọ́ lẹ́nu, kò ráyè lọ̀ ọ́. Tiyín á ti wọ ìkòkò kí èyí tó di wàhálà. Ti Ìyá Ìbejì máa pẹ́ débẹ̀. Pélẹ́ẹ̀tì yín dáa fún iṣẹ́ yín.

OníEhoro_Ìkòròdú:
Ẹn, ẹ ti sọ ọ́ báyìí, ó yé mi. Ẹ ò bá ti tètè sọ pé ehoro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń sọ.

BàbáFíìdì_Agége:
Ẹ kú àpérò. Fíìdì lèmi ń tà, torí náà ẹ mọ̀ pé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí mò ń ba ọjà ara mi jẹ́ díẹ̀. Madam, ẹ má fún ehoro ní fíìdì adìyẹ. Lákọ̀ọ́kọ́ ìyẹ̀fun ni, á máa fín sí i nímú, á máa sín. Ìkejì, ẹ wo káàdì kékeré tí wọ́n rán mọ́ ẹnu àpò, oògùn coccidiosis, àrùn ìfun adìyẹ, máa ń wà nínú òmíì, ẹ ó rí orúkọ bíi salinomycin tàbí narasin níbẹ̀. Narasin yẹn ń pa ehoro, kì í ṣe àhesọ, ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí fíìdì ti ṣèèṣì dà pọ̀. Ẹ sì wá gbọ́ èyí tó burú jù, àwọn kan ń ra láyà másì, oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin, fún ehoro torí ó ṣẹ́kù nílé! Kálísíọ̀mù inú láyà máa ń tó 3.5% sókè torí èèpo ẹyin ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ehoro fẹ́ yé ẹyin ni?

DókítàẸran_Yábàá:
Bàbá ẹ ṣé gan-an. Kálísíọ̀mù tí àwa èèyàn bá jẹ, ara máa ń mú ìwọ̀n tó fẹ́ ni. Ti ehoro ò rí bẹ́ẹ̀, bó bá ṣe pọ̀ nínú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ náà ló máa gbà á sínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ló sì máa ń gbà jáde, nǹkan bíi 45% sí 60% ẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ lọ, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ẹranko míì ò tó 2%. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ ehoro fi máa ń funfun lórí símẹ́ǹtì tó bá gbẹ. Kó funfun díẹ̀ kì í ṣe àìsàn, àmọ́ tó bá ti ń ki bí ọ̀dà ògiri, ẹrẹ̀ ti ń gbára jọ nínú àpò ìtọ̀ nìyẹn, òkúta ló máa kàn.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ̀yí nígbà tí mo rántí: amoxicillin àti ampicillin tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísí, ẹ má fi sẹ́nu ehoro láé. Ó máa pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun ẹ̀, àwọn burúkú á gba ilé, ó sì lè kú.

Láàbù_Àkọkà:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, kékeré ni mí o, mo fẹ́ fi ìṣirò kan kún un. Nọ́ńbà ara àpò, tòun ti omi inú ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Tí omi inú pélẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 10%, fáíbà 25% yẹn, ẹ fi 90 pín in kẹ́ ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ó máa di 27.8%. Fún pélẹ́ẹ̀tì sí pélẹ́ẹ̀tì ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà torí omi inú wọn jọra. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wé ohun tútù ni wàhálà. Káróòtì, omi ló fẹ́ẹ̀ tó 88% inú ẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀ bíi 5%, èèyàn á ní 5% ò tó nǹkan, àmọ́ ẹ fa omi yẹn kúrò, ṣúgà á sún mọ́ 40% ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ wá wo ehoro inú kátúùnù tó ń jẹ káróòtì látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fáíbà lára àpò yín bóyá "min" ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí "max". Àwọn tó ń ṣe fíìdì adìyẹ ń sá fún fáíbà ni torí adìyẹ ò lè lò ó, wọ́n á kọ "max", ìyẹn ni pé kò ní kọjá ibẹ̀, ó sì lè má débẹ̀ rárá. Ti ehoro, "min" lẹ fẹ́ rí.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yí àpò náà wò ní kíṣìnì ni. "Max" ni wọ́n kọ! Fáíbà max 10%. Lẹ́tà ẹ̀ kéré débi pé mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. Ó túmọ̀ sí pé ó lè jẹ́ 7% tàbí 8% ló wà níbẹ̀?

Láàbù_Àkọkà:
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ mà. Àwọn kan máa ń lo ìwé àpò kan náà fún gbogbo fíìdì wọn, wọ́n á kàn pa orúkọ ẹran dà.

BunnyMum_Lẹ́kí:
Ẹ kú alẹ́ o. Èmi kì í ra pélẹ́ẹ̀tì, èyí tó dà pọ̀ yẹn ni mò ń rà, àgbàdo, ẹ̀wà tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, èso pupa, èso yẹ́lò, àti pélẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Ó rẹwà gan-an, ọmọ mi fẹ́ràn ẹ̀. Fáíbà 14% ni wọ́n kọ sí i. Ṣé ó ṣe é fi wé?

DókítàẸran_Yábàá:
Àǹtí mi, nọ́ńbà ti àdàpọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà ohun tí ehoro jẹ. Gbogbo àpò ni wọ́n lọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ehoro yín ò ní lọ̀ ọ́ pọ̀. Ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ àwo ẹ̀ lówùúrọ̀ ọ̀la, ẹ ó bá pélẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, àgbàdo àti èso á ti tán. Àwọn olùwádìí yunifásítì Edinburgh fi ehoro sórí oríṣi oúnjẹ mẹ́rin, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2014 àti 2015: àwọn tó jẹ irú àdàpọ̀ yìí ń ṣà á jẹ, koríko tí wọ́n ń jẹ dín kù, àwọn tí wọ́n fún ní àdàpọ̀ nìkan láìsí koríko sì sanra, eyín wọn ò gún mọ́. Ẹ rọra máa fi pélẹ́ẹ̀tì rọ́pò ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, kẹ́ ẹ má yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ehoro bá kọ oúnjẹ láàárọ̀ títí di alẹ́ tí kò sì yàgbẹ́, ẹ má wò ó níran, ẹ gbé e lọ.

BunnyMum_Lẹ́kí:
Háà. Òótọ́ ni o, pélẹ́ẹ̀tì ló máa ń ṣẹ́kù, èmi rò pé kò dùn ni mo ṣe ń dà á nù 😩

BàbáFíìdì_Agége:


Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ti òkè òkun, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n tú sínú náílọ́nù tí wọ́n ń wọ̀n tà. Kò sí làbẹ́ẹ̀lì, kò sí déètì, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ti ọmọ ehoro ni, tó jẹ́ alfalfa (ewé kan tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà), kálísíọ̀mù ẹ̀ ga ju ti timothy (koríko òkè òkun) lọ, tàbí ti àgbà. Ooru Èkó yìí náà, tí àpò bá ti ṣí, fítámì ń fò lọ, èbù ń wọlé. Bí èmi ṣe máa ń dán pélẹ́ẹ̀tì wò, mo máa fi èékánná ya ọ̀kan sí méjì, tí ó bá jẹ́ pé koríko ni wọ́n fi ṣe é ẹ ó rí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé nínú ẹ̀, tó bá jẹ́ wíìtì ọ́fà (èèpo wíìtì) àti àgbàdo ló pọ̀ jù, á kàn fọ́ di lẹ́búlẹ́bú ni, á funfun, á máa rùn bí búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ẹ ju mẹ́ta mẹ́rin sínú omi nínú ife, ẹ fi sílẹ̀ kó tú, ẹ fọwọ́ pa á. Ọwọ́ á sọ fún yín ohun tí làbẹ́ẹ̀lì ò sọ. Ẹ wo ìdí àpò pẹ̀lú, tí eruku ibẹ̀ bá ti pọ̀, ẹ ò rí pélẹ́ẹ̀tì rà, ìyẹ̀fun lẹ rà.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:
Mo ti ṣe é bàbá, lẹ́búlẹ́bú ni tèmi, ó funfun kò sí ewé kankan níbẹ̀. Ẹ ṣeun. Ó wá ku koríko. Sùúrùlérè rèé, títì àti gọ́tà nìkan la ní, ibo ni kí n ti rí koríko? Timothy inú ike tí mo rí ní Ìkòyí, owó ẹ̀ ju ti Oxbow lọ.

OníEhoro_Ìkòròdú:
Ibi tí mo ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ nìyí. Ẹ ò nílò timothy, ilẹ̀ tó tutù ni timothy ti ń hù, ilẹ̀ tiwa ń hu èyí tó pọ̀. Gíní gíráàsì, èèsún tó ṣì rọ̀, gbégi tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, gbogbo ẹ̀ lehoro ń jẹ. Ìgbàlódé, ewé tí àárín òdòdó ẹ̀ yẹ́lò tí etí ẹ̀ funfun yẹn, yúnyun, ewé ọ̀dùnkún, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ kún koríko. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ẹ má dán an wò, májèlé wà nínú ẹ̀. Imí-eṣú náà, ọ̀pọ̀ ń fún wọn, èmi kì í fún tèmi torí dókítà kan sọ pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ má gé ti ẹ̀gbẹ́ títì o, èéfín mọ́tò ti pa á. Ẹ má gé ti inú ẹ̀sítéètì láì béèrè, wọ́n máa ń fín oògùn pakoríko síbẹ̀. Látìgbà tí RHD, àìsàn tó ń ran ehoro tó sì ń pa wọ́n, ti wọ Nàìjíríà lọ́dún 2020, èmi kì í gé koríko nítòsí ibi tí ehoro ẹlòmíì ti kú mọ́, kòkòrò yẹn ń tẹ̀lé ewé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbígbẹ, ẹ sá a síbòòji lórí dẹ́kìnì tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ máa yí i, kó gbẹ pẹ̀lú àwọ̀ ewé ẹ̀. Oòrùn gan-an á sọ ọ́ di pákí.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó:
Ẹ gbọ́, ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Mọ́là ń tà fún àgbò nígbà Iléyá ńkọ́, tí wọ́n ń pè ní harawa? Ó ń ṣẹ́kù nílé wa. Àǹtí mi kan ní ehoro.

DókítàẸran_Yábàá:
Ó dáa, fáíbà ẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹbí ẹ̀wà ni ẹ̀pà, kálísíọ̀mù ẹ̀ ga bíi ti alfalfa. Fún ọmọ ehoro tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tàbí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ó bá a mu. Fún àgbà, ìwọ̀nba ni, ẹ pò ó mọ́ koríko. Kẹ́ ẹ gbọ́n ọn kẹ́ ẹ sì gbóòórùn ẹ̀ dáadáa, tó bá ti bu tàbí tó ní àwọn àmì dúdú dúdú, iná ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ sí.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:
Dókítà, tí mo bá ní koríko tó tó, ṣé dandan ni pélẹ́ẹ̀tì Ìkòyí yẹn?

DókítàẸran_Yábàá:
Kì í ṣe dandan. Koríko oríṣiríṣi, ewé díẹ̀, omi tó mọ́ ní gbogbo ìgbà, ó lè gbé e dé ìdí. Pélẹ́ẹ̀tì wà kó dí àlàfo fítámì àti àwọn ohun kéékèèké tí koríko wa lè má ní tó. Tówó bá wà ẹ ra ọ̀kan, 50 gíráàmù lóòjọ́, á pẹ́ gan-an lọ́wọ́ yín. Tówó ò bá sí, ẹ mú 20 péré nínú èyí tó wà nílẹ̀ yẹn, kí koríko wà níwájú ẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹ ó rí i tí ìdí ẹ̀ máa gbẹ.

Láàbù_Àkọkà:
Mo fẹ́ dábàá kan. Ẹ jẹ́ ká dá owó ká gbé méjì mẹ́ta nínú pélẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣe níbí lọ sí FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba l'Óṣòdì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ká má jẹ́ kí wọ́n ṣe fáíbà lásán o, ásíìdì àti álíkálì ni wọ́n fi ń sè é nínú ìyẹn, púpọ̀ nínú fáíbà gidi máa ń bá omi ẹ̀ lọ. NDF àti ADF, ọ̀nà méjì míì tí wọ́n fi ń wọn fáíbà, ni ká ní kí wọ́n ṣe, pẹ̀lú kálísíọ̀mù.

BàbáFíìdì_Agége:
Èmi á mú sáńpù wá, látinú àpò tí a ò tíì ṣí. Mi ò ní sọ orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é fún yín títí èsì fi máa jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣojúsàájú.

OníEhoro_Ìkòròdú:
Ẹ kọ orúkọ tèmi sí owó yẹn. Mò ń bọ̀ ní Kétu lọ́jọ́ Sátidé, màá gé gíní gíráàsì wá, Ìyá Ìbejì ẹ mú àpò ìrẹsì òfìfo dání, kì í ṣe náílọ́nù, tó bá wà nínú náílọ́nù á ti gbóná kẹ́ ẹ tó dé Ojúẹ̀lẹ́gbà.